Òkè Tó Wà Lọ́nà Abereke

Kò sí òkè ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti dé Ayétòrò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkun wà níwájú, àbàtà wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tó wà láàrin méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Ọmọ tí a bí sí etí òkun wa lè dàgbà, kó bímọ, kó má mọ bó ṣe ń rí kí ẹsẹ̀ ènìyàn máa gun òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ àgbàlá, tó jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, tó sì wí pé:

"Hánà, òkè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí."

"Òkè wo?"

Ó ti sùn lọ lórí ìjókòó, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Sólómọ́nì Olówòkéré ni orúkọ ọkọ mi. Bàbá Dèbórà ni mo ń pè é. Ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe àwàdà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó mọ òkè. Kó tó fẹ́ mi, ó ti fi kẹ̀kẹ́ ra kòkó káàkiri ilẹ̀ Ìdànrè àti Àkókó fún ọ̀gá rẹ̀ kan. Ó máa ń sọ fún mi nípa àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta nígbà ogun, nípa ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò gba ẹ̀gbẹ́ òkè, nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tutù sí i bí èèyàn bá ṣe ń gùn ún, àti nípa àwọn ìyá àgbà tó máa ń jókòó sójú fèrèsé, tí wọ́n á máa kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá pé ó kú làálàá. "Orúnkún ló ń mọ òkè," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Ojú lè parọ́ fún èèyàn. Orúnkún kì í parọ́."

Nígbà tí wọ́n rí epo nínú òkun wa, òun náà padà wálé bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe padà. Ó ní iṣẹ́ yóò wà. Iṣẹ́ kò sí. Àwọn àlejò ni bàlúù kékeré ń gbé kọjá lórí òrùlé wa lọ síbi iná epo tó ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru, àwa sì ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni ẹja tó ń jìnnà sí wa lọ́dọọdún, àti omi iyọ̀ tó gba ojú odò tí wọ́n gbẹ́ wọ inú àbàtà, tó pa igi, tó sì pa ẹja inú rẹ̀.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ìjọ. Ìlú ìjọ ni ìlú wa. Àwọn bàbá wa ló kóra wọn jọ tẹ̀ ẹ́ dó ní orúkọ Olúwa, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ. Nígbà tèmi, ìṣọ̀kan yẹn ti ń tú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iná ààrò búrẹ́dì kò tíì kú. Èmi a pò ó, èmi a yan án. Bàbá Dèbórà a kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò dúró kí omi fà kí iyanrìn le, yóò sì gba etí òkun lọ sí Ugbonla, títí dé Abereke. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò padà wálé. Dèbórà, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti wà nílé ọkọ ní Òkìtìpupa. Àwa méjì la kù nínú ilé. Nínú ilé tó kángun sí tiwa ni Ọlálẹ́yẹ wà, àbúrò mi ọmọ ìyá mi, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọkọ mi sọ̀rọ̀ òkè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Àárẹ̀ tó ń gbé bọ̀ wálé kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn. Ó máa ń sùn lọ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Bí mo bá ń fi omi gbígbóná pa itan rẹ̀, mo máa ń bá a bó ti le bí igi. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ dógùn-ún kí oṣù tó kú, bí ohun tó ti wà nísàlẹ̀ omi iyọ̀ láti ayébáyé. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń padà wálé lófìfo lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí búrẹ́dì kì í ṣàì ṣẹ́kù. Ẹja yíyan ló sì ń mú bọ̀ dípò rẹ̀. Òun ló pè é ní ẹja yíyan. Nígbà tí mo gbé e ka orí iná, omi ń kán nínú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo ń kó igi sí i, omi kò yéé kán. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú òkun, n kò sì sọ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Adétutù, ará Abereke tó máa ń wá ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì lọ́dọ̀ wa, yà sí ilé búrẹ́dì. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá sún mọ́ mi.

"Ìyá Dèbórà, ṣé ara Bàbá Dèbórà kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le. Kí ló dé?"

"Kò sí o. A kàn ń wò ó ni pé ó ti pẹ́ tí a ti rí i. Àwọn ọmọ ń béèrè búrẹ́dì."

Ọwọ́ mi dúró nínú fùláwà. "Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí Abereke."

Adétutù wò mí bí obìnrin ṣe ń wo obìnrin bíi tirẹ̀ tí nǹkan ti ṣe. Ó rọra na ọwọ́, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ta ni kò ní rò ó? Mo rò ó. Mo fi gbogbo ọjọ́ yẹn rò ó. Nígbà tó dé, n kò gbé omi gbígbóná, n kò gbé oúnjẹ. Mo dúró tì í lórí.

"Bàbá Dèbórà, ta ni obìnrin tó ń jẹ búrẹ́dì tí mò ń yan?"

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rọ. Kò bínú, kò sì jiyàn.

"Lóòótọ́, obìnrin kan wà," ó wí. "Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, o ò ní gbà á gbọ́. Jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ́la, ká jọ lọ."

Ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí kárià, mo gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lé itan. Ọlálẹ́yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń kàn, ó ń súfèé, èèpo búrẹ́dì tó jóná tí mo fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó ojú ọ̀nà! Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi já bọ́ o!" Irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń dán nínú oòrùn.

A kọjá ní Ugbonla, àwọn èèyàn kí wa. A dé ibi afárá pákó tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n nà sórí odò tí àwọn elépo gbẹ́. Omi abẹ́ rẹ̀ ń dán yinrin bí ìyẹ́ ọrùn ẹyẹlé nítorí epo ojú rẹ̀. Bí a ti rékọjá afárá náà tán, ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà.

"Di ìbàdí mi mú dáadáa," ó wí.

Kẹ̀kẹ́ ń yí fúnra rẹ̀.

Mo wo iwájú, iyanrìn tẹ́. Mo wẹ̀yìn, iyanrìn tẹ́. Síbẹ̀ ara mi ń yọ̀ lọ síwájú títí àyà mi fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ sì ń fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí pákó tí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Etí mi dí, bó ṣe máa ń dí fún ẹni tó rì lọ sábẹ́ omi. Ìró òkun, tó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ó gòkè. Mo gbọ́ ọ lórí wa, jìnnà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé ilé ẹlòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán di bí èyí tó gba inú ìgò àwọ̀ ewé kọjá. Kò sí ẹyẹ kankan. Ọkọ mi ń fa bíréèkì, ó ń fà á, mo ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo fi ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú, mo fi ìkejì dì mọ́ ìbàdí rẹ̀.

A wọ ìlú kan. Ọ̀nà pákó tó fẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sáàrin rẹ̀, ilé sì tò lọ sí ọ̀tún àti òsì lórí òpó. Aṣọ wà lórí okùn níwájú ilé, omi ń kán lára wọn, kò sì sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbẹ wọ́n. Èéfín kò jáde nínú ilé ìdáná kankan. Àwọn èèyàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí àwọn tó ń retí ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́ jù. Wọn kò sunkún, wọn kò jà. Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tí wọ́n rí búrẹ́dì, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n rọra tò wá.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ará òkè," wọ́n ń kí wa jẹ́jẹ́. "Ẹ kú ìrìn."

Oníkálukú gba búrẹ́dì, ó fi ẹja rọ́pò rẹ̀. Wọn kò jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ohun tí wọ́n fẹ́ kó móoru, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Níbi tí mo ti ń wò wọ́n ni mo rí ọkùnrin kan tó jókòó ti ọkọ̀ tí kò parí. Àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi ṣe nǹkankan. Orí rẹ̀ funfun báláú bí òwú. Mo mọ bó ṣe ń tẹ ọrùn. Mo mọ etí rẹ̀.

"Ọlálẹ́yẹ!"

Ó gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó rí mi, bí ẹni tó ń wo nǹkan láti ọ̀nà jínjìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ṣé omi ti dé ọ̀dọ̀ yín náà ni?"

Mo nawọ́ sí i. Ọkọ mi gbá ọwọ́ mi mú. "Má fọwọ́ kàn wọ́n," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Òtútù yẹn kì í tètè kúrò lára."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìlú náà dáadáa, tí mo mọ̀ pé n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Àdúgbò wa ni. Ilé búrẹ́dì nìyẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ààrò inú rẹ̀ kún fún iyanrìn. Ilé ìpàdé ìjọ nìyẹn. Ilé wa nìyí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí ọkọ mi fi ọ̀dà ọkọ̀ kùn láwọ̀ aró. Obìnrin arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Omi díẹ̀ wà lórí pákó níbi tó gbé ẹsẹ̀ lé. Àpá iná ààrò wà ní apá òsì rẹ̀, gígùn, ó ṣẹ́po lókè bí ewé. Mo wo apá òsì tèmi, níbi tí irú àpá náà gan-an wà. Mo tún wo tirẹ̀.

Obìnrin tí mo ti ń jowú rẹ̀ láti àná nìyẹn.

Bàbá Dèbórà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó yọ búrẹ́dì tó dára jù lọ, èyí tó ti fi aṣọ wé láti ilé, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà nínú oyún Dèbórà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Òun nìkan ló jẹ nínú gbogbo wọn. Ọkọ mi dìde, ó wọlé lọ láti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti wọ́ ṣe. Mo rí i pé ó ti mọ́ ọn lára.

Obìnrin náà gbójú sókè wò mí.

"O ti dé," ó wí. Ohùn mi ni. "Gbọ́, kó tó jáde. Má jẹ́ kó tún wá síbí mọ́. Bó bá ṣe ń wá sí i ni òkè yẹn ń ga sí i. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lè gùn ún."

"Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ kò sọ fún un?"

Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Ebi ń pa mí ni," ó wí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n sọ bí a ṣe padà, n kò lè sọ ọ́ tán. A kúrò láàrin ìlú, iyanrìn sì tẹ́ lójú mi bí ó ti máa ń tẹ́. Ọkọ mi dìde dúró lórí pẹ́dà, táyà iwájú ń gbọ̀n. Kò pẹ́ tí mo fi bọ́ sílẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Gìgísẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni mo fi ń rìn. Ẹja kan já bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Lórí iyanrìn tó tẹ́ yẹn, ó yí padà sẹ́yìn, ó ń yí, ó ń sáré, kò dúró títí tí n kò fi rí i mọ́.

"Má wo òkè," ni ọkọ mi ń wí láàrin mímí. "Táyà ni kó o máa wò. Ẹni tó bá wo ṣóńṣó òkè, ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀."

A gùn ún. A sinmi, a dì mọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó má fà wá padà, a tún gùn ún. Nígbà tó yá, ìró òkun ṣí kúrò lórí wa lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n bá ká aṣọ, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa. Afárá pákó wà níwájú. Oòrùn ti ń wọ̀. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ sórí afárá náà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù tó bẹ́ẹ̀ tí pákó ń gbọ̀n.

Nílé, Ọlálẹ́yẹ ṣì ń súfèé. N kò lè wo irun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàrin èmi àti ọkọ mi lẹ́yìn náà kò pọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún un. Ó gbọ́, ó mi orí.

"Bí n kò bá lọ, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ fún ẹ?"

"Èmi nìyí, Bàbá Dèbórà. Ẹ wò mí. Mo wà níbí, mo yó."

"Ìwọ yó. Òun ńkọ́?"

Èmi ni mo ronú kan ohun tí a ṣe. Mo ní bí a bá kúrò nílé yẹn, bí mo bá kúrò ní Ayétòrò pátápátá, kò ní sí arúgbó kankan tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà. Ó rò ó títí, ó gbà. A di ẹrù wa, a wọ ọkọ̀ ojú omi gba Igbókòdá, a sì gòkè lọ bá Dèbórà ní Òkìtìpupa. Mo bẹ Ọlálẹ́yẹ kó bá wa kálọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò máa kan ọkọ̀ níbi tí kò sí omi.

A pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ mi sanra díẹ̀, àmọ́ àárẹ̀ yẹn kò kúrò lójú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó máa ń fi epo pa ṣéènì rẹ̀. Èmi ní tèmi, láti ìgbà tí a ti dé ni ebi kan ti wà nínú mi. Mo lè jẹun títí ikùn yóò fi máa dùn mí, ebi náà yóò ṣì wà lábẹ́ oúnjẹ níbẹ̀, kò ní mira. Ẹsẹ̀ mi kò sì móoru mọ́. Dèbórà ra ìbọ̀sẹ̀ fún mi. N kò sọ ọ̀rọ̀ ebi náà fún bàbá rẹ̀. Ohun tó lè jẹ́ ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀.

Ọdún tí òkun wọ àdúgbò wa ní Ayétòrò, a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn kó tó di pé Ọlálẹ́yẹ dé. Ọ̀sán gangan ló wọlé, òun àti àpò kan. Nígbà tó ṣí fìlà, mo fọwọ́ bo ẹnu. Orí rẹ̀ funfun báláú.

Mo fún un lómi, kò mu ún. Ó ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ padà sí Ayétòrò?"

"N kò padà."

"Mo rí yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ tí mo ń yọ pákó ilé mi. Omi ti tó orúnkún. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Mo ní kí ẹ wọ ọkọ̀, ẹ ní ẹ ń retí ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wá."

"Ọlálẹ́yẹ, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá Dèbórà wà ní yàrá."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Gbogbo àwọn tó ti kó lọ sí Igbókòdá, sí Èkó, mo rí wọn. Wọ́n jókòó ti ẹrù wọn. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ tí mo sì bojú wẹ̀yìn, mo rí èmi náà, mo jókòó ti ọkọ̀ tí n kò kàn tán." Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa orí rẹ̀ funfun. "Ara mi jáde, ẹ̀gbọ́n mi. Kò dá mi lójú pé gbogbo mi ló jáde."

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Àwọn tí a rí nísàlẹ̀ òkè yẹn kì í ṣe òkú. Àwa ni. Ohun tó kọ̀ láti bá wa lọ nígbà tí a kó ẹrù ni. Mo ti ro pé bí mo bá kúrò nílé, arúgbó yẹn kò ní sí. Kíkúrò mi gan-an ló gbé e jókòó síbẹ̀.

Aṣọ ẹnu yàrá mira. Ọkọ mi jáde. Ó ti gbọ́. Ó kí Ọlálẹ́yẹ dáadáa, ó bá a jẹun, ó bi í nípa àwọn ojúlùmọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ọkọ Dèbórà mọ fún mi.

"Hánà, búrẹ́dì ibí yìí, ṣé yóò pẹ́ lọ́nà?"

Mo lè kígbe. Mo lè pe Dèbórà àti ọkọ rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo rántí ohùn mi tó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí.

"Ó ti rẹ̀ yín," ni mo wí.

"Ó ti rẹ̀ mí," ló dá mi lóhùn. "Ṣùgbọ́n lílọ kò le. Ìsọ̀kalẹ̀ ni."

Èmi ni mo yan án. Èmi ni mo fi aṣọ wé e, tí mo dì í mọ́ kárià. Ó dì mọ́ mi pẹ́, ó sì ti kẹ̀kẹ́ jáde.

Ẹnìkan tó ń na àwọ̀n ní Ugbonla rí i bó ṣe rékọjá afárá pákó. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé bàbá náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ sì ń sáré.

Ní ọ̀sán tó tẹ̀lé e, mo jókòó lẹ́yìn ilé, n kò tíì fi nǹkankan kan ẹnu. Lójijì ni mo tọ́ búrẹ́dì wò lórí ahọ́n mi. Búrẹ́dì tèmi ni, pẹ̀lú iyọ̀ òkun lára rẹ̀. Ebi tó ti wà nínú mi láti ìgbà tí a ti kó kúrò nílé lọ sílẹ̀ bí omi tó fà. Mo sunkún, mo sì yó.

Báyìí ló ń rí lójoojúmọ́, bí ọ̀sán bá ti pọ́n. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó débẹ̀. Dèbórà a máa bi mí pé ìgbà wo ni bàbá òun ń bọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé òkè náà ga, kó ní sùúrù.

Lánàá, ọ̀sán pọ́n, ó sì kọjá. N kò tọ́ nǹkankan wò. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Lónìí náà, kò wá.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń po fùláwà. Dèbórà dúró tì mí, ó ń bẹ̀ mí, ó ní kò sí ẹni tí yóò gbé búrẹ́dì náà lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wá bàtà mi.